Orúkọ Tí Kò Parí

Nínú ìwé ìrìbọmi ìyá ìyá mi,
ikán ti jẹ etí ìwé, tàdáwà ti ṣá,
ṣùgbọ́n ní ibi tí wọ́n kọ "Bàbá" sí
orúkọ kan ṣì ń wò mí:
Ifan.
Ìyẹn nìkan. Ifan, òṣìṣẹ́ rélùwéè, Láfẹ́nwá.

Ẹ̀gbá ni mí. Ojú Ẹ̀gbá ni mo fi kà á.
Mo kà á sí Ifá ń—
mo sì dúró bí ẹni tó gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn tí kò sí.
Ifá ń ṣe kí ni?
Ṣé ó ń bọ̀ ni, àbí ó ń rẹ́rìn-ín?
Ta ló fi ìlàjì gbólóhùn sọ ọmọ lórúkọ?

Màmá Ẹfúnṣẹ̀yẹ ò jẹ́ kí n bi òun lẹ́ẹ̀mejì.
"Òyìnbó ni. Ìyá mi ní ó fẹ́ràn ẹ̀kọ tútù.
Bí wọ́n bá pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, ó di ìjà.
'Èmi ní èdè tèmi,' á wí, á nawọ́ sí Olúmọ,
'èmi náà ní òkè tèmi.'
Ó gba ìsinmi oṣù mẹ́ta.
Oṣù mẹ́ta náà ò tíì pé."

Bí wọ́n bá ń kì mí ní Ìtokò,
tí wọ́n kì mí dé ọ̀nà ìyá ìyá mi,
wọn a wúkọ́, wọn a fò ó.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàdọ́ta
mo kó àjọ, mo lọ.

Wéésì: òjò. Àgùntàn pọ̀ ju èèyàn lọ.
Òtútù ń wá egungun ẹni kiri bí agbowó-orí.
Abúlé kan, orúkọ rẹ̀ gùn ju títì rẹ̀ lọ.
Ìyá arúgbó kan, Nẹ́sítà, mú mi dé etí òkun.
Ó ní ìlú kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ rí;
ẹni tó ń ṣọ́ ìlẹ̀kùn omi mutí yó, ó sùn lọ,
òkun wọlé lóru, ó kó màlúù, ó kó ilé,
ó kó agogo ṣọ́ọ̀ṣì.
Bí afẹ́fẹ́ bá sùn, agogo náà ń dún.
"Ṣé o gbọ́ ọ?"
Ẹyẹ òkun ni mo gbọ́.

Mo ní tiwa, abẹ́ àpáta la sá sí.
Àpáta kì í mutí, àpáta kì í sùn.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú:
"Ẹ̀ bá ti yá wa ní ọ̀kan."

Nínú ilé àdúrà wọn, àwa márùn-ún àti ajá kan.
Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan.
Àdúrà wọn ń lọ bí omi tó ń wá ọ̀nà láàárín òkúta,
ṣùgbọ́n Àmín wọn bọ́ sí ẹnu mi láìkọsẹ̀.
Láti kékeré ni mo ti ń wí ní Aké pé
"Ọlọ́run àwọn baba wa,"
tí mo ń yọ baba kan sílẹ̀, tí mi ò mọ̀.

A rí ibojì rẹ̀. Ewédò ti bò ó.
Orúkọ rẹ̀. Orúkọ ìyàwó. Orúkọ ọmọ mẹ́ta.
Òkúta náà ò mẹ́nu ba Abẹ́òkúta.
Mo bi Nẹ́sítà ní ìtumọ̀ Ifan.
"Jòhánù ni," ó ní. "Olúwa ṣoore ọ̀fẹ́."
Gbólóhùn odidi. Ó parí síbẹ̀.
Mo dúpẹ́. Inú mi ò sì dùn tó bó ṣe yẹ.

Níbi ìsìnkú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ń kì mí bọ̀,
ó dé ibi tí wọ́n ti ń wúkọ́.
Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀:
"Ọmọ Ifá ń—"
Agboolé dúró.
Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá ní Láfẹ́nwá,
ó fọn fèrè, ó fọn ọ́n pẹ́,
kò sẹ́ni tó parí ẹ̀.